Bí ẹ ṣe lè darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó pa àwọn kámpọ́ọ̀sì yunifásítì pọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan sunkún níwájú mi ní Mainland Èkó níbí. Ó ti san owó ilé ìwé. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ́fíìsì bọ́sà náà rí owó ọ̀hún, ṣùgbọ́n láíbúrárì ní kámpọ́ọ̀sì kejì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò sì ní kò forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kankan. Ibi mẹ́ta ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àkọ́kọ́ kọ ọ́ ní Shola, èkejì ní Sola, ẹ̀kẹta fi orúkọ bàbá ṣáájú orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ geere, kò sí èyí tó dákú. Àwa tó ni wọ́n ni a kò jọ jókòó sọ̀rọ̀ rí.

Bí a ṣe ń jókòó sọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, fún ẹni tí ọ̀gá àgbà yunifásítì bá fún ní lẹ́tà pé kó wá ṣe alákòóso iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó kan gbogbo ẹ̀ka. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 ní olú kámpọ́ọ̀sì ní Akọkà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà. LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́, ó wà ní Ìkẹjà, ó tún wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ dé Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ní bi mí ìdí tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi lọ ra sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń pe ènìyàn sí

Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Tí ẹnì kan bá bẹ ọ̀wẹ̀, ojúlùmọ̀ àti àna rẹ̀ á wá ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀, á se oúnjẹ, wọ́n á jẹ, wọ́n á sì máa lọ ilé wọn. Àáró yàtọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ni wọ́n jọ ń ṣe é: wọ́n ro oko tèmi lónìí, wọ́n ro tìrẹ lọ́la, ẹni tí kò bá sì yọjú sí oko ẹlòmíì, tirẹ̀ á kún fún koríko.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àjọṣe tí mo ti rí, bí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ gbogbo ènìyàn wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì. Lọ́dún kejì, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò san owó sáfà. Àáró ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí: kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mọ ohun tó máa mú wá, kó mọ ohun tó máa gbà, kó sì wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé. Ìgbésẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ yìí, orí èyí ni wọ́n dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀

Ẹ má fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹni tó bá gba fọ́ọ̀mù á kọ ohun tó yẹ kó wà sínú rẹ̀, kò ní kọ ohun tó wà. Ẹ lọ sí kámpọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹ bá àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ jókòó, kì í ṣe ọ̀gá wọn nìkan. Nígbà tí mo ṣe èyí fún ìgbà àkọ́kọ́, abẹ́ tábìlì akọ̀wé kan ni mo ti bá kọ̀ǹpútà tí èsì ìdánwò ọdún mẹ́fà wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíì. Aṣọ inura ni wọ́n fi bò ó nítorí eruku.

Lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí, ẹ kọ nǹkan márùn-ún: ohun tó ń ṣe, ẹni tó mọ password rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ, ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán, àti ibi tí dátà rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú rẹ̀, wà gan-an. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ password, ẹ fa ìlà pupa sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè dúró de ìpàdé. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni kí ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi ẹ̀dà sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, tí a tì mọ́ inú sééfù rẹ́jísírà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ni dátà wo?

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àsìkò jù. Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí yunifásítì mọ̀ nípa ẹnì kan sí apá òsì: orúkọ, ọjọ́ ìbí, fákọ́tì, owó tó san, kọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ fún, máàkì rẹ̀, ìwé tó yá ní láíbúrárì, yàrá tó ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní apá ọ̀tún, níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́fíìsì kan. Kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì yẹn nìkan ló lè yí i padà, àwọn yòókù kàn lè wò ó ni.

Tí ẹ bá ní kí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ti rẹ́jísírà, láíbúrárì kò gbọdọ̀ tún un kọ mọ́, bó ti wù kó rí lójú wọn. Tí wọ́n bá rí àṣìṣe, wọ́n á rán an sí rẹ́jísírà, rẹ́jísírà á sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ọjọ́ mẹ́ta dára. Tí kò bá sí gbèdéke, láíbúrárì á padà sídìí kíkọ tiwọn, wọn ò sì ní jẹ̀bi.

Ìjà máa wáyé níbí. Mo ti rí bọ́sà àti olórí fákọ́tì tí wọn ò kí ara wọn fún oṣù méjì lórí ẹni tó ni àkójọ àwọn tó jẹ gbèsè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á níbi tábìlì, ẹ má sáré pa á rẹ́. Ìjà tí a bá sá fún lónìí, inú pọ́tà, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń forúkọ sílẹ̀, ló máa fara pamọ́ sí, ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ló máa jáde.

Nígbà tí bébà náà bá pé, kí ọ̀gá àgbà yunifásítì fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kan tàbí méjì ni. Mo ka bébà yẹn sí pàtàkì ju gbogbo sáfà tí ẹ máa rà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: orúkọ àti nọ́ńbà

Níbi tí orúkọ Yorùbá bá pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ sùúrù. Ẹnì kan náà lè jẹ́ Ṣọlá nílé, Shola lórí ìwé WAEC, Sola ní báǹkì. Ọmọbìnrin tó wọlé ní ọdún kìíní pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ lè ti lọ sílé ọkọ kó tó dé ọdún karùn-ún. Àwọn kan fi Olú ṣáájú orúkọ wọn, àwọn kan gé e kúrò. Nítorí náà, orúkọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà kan fi ń wá ènìyàn nínú kọ̀ǹpútà kejì.

Àmì ohùn tún mú nǹkan mìíràn wá. Nínú Unicode, àtòjọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, lẹ́tà ẹ ní kóòdù tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo: ẹ ni a máa tẹ̀, kí a tó gbé àmì U+0301 lé e. Ẹlòmíì lè gba ọ̀nà mìíràn, kó tẹ é, U+00E9, kó wá fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, sí i. Lójú wa ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Ẹ sọ fún àwọn tó ń kọ ètò yín pé gbogbo ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ NFC, tí í ṣe ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní ààyè méjì: ọ̀kan fún orúkọ bí onítọ̀hún ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀, èyí tó máa jáde lórí ìwé ẹ̀rí, èkejì láìní àmì rárá, fún wíwá nìkan. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti sọ Ọ̀ṣúnkúnlé di nǹkan tó kún fún àmì ìbéèrè. Ọmọ yẹn á gbé e kọ́ ara ògiri títí ayé.

Nọ́ńbà wá ńkọ́? Nọ́ńbà matric kò tó, torí ọdún àti fákọ́tì ló máa ń wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè kúrò ní fákọ́tì kan bọ́ sí òmíràn, ó lè jáde kó padà wá ṣe másításì, ó lè di olùkọ́ níbẹ̀. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà inú ilé kan tí kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, tí kò ní yí padà títí láé. Matric á wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà JAMB á wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ á wà lábẹ́ rẹ̀. NIN tó ní díjíìtì 11 ńkọ́? Láti 2021 ni JAMB ti ń bèèrè rẹ̀, nítorí náà ó máa wà lọ́wọ́ yín, ó sì dára láti fi mọ̀ bóyá ènìyàn méjì jẹ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́. Ẹ má jẹ́ kó hàn lójú pọ́tà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ìdánimọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ da àkójọ mẹ́ta pọ̀, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tọ́ka sí àwọn tó jọra, kí ènìyàn wá mú fáìlì, kó wò ó, kó pinnu. Ìbejì máa wà níbẹ̀: ọjọ́ ìbí kan náà, orúkọ bàbá kan náà, fákọ́tì kan náà nígbà mìíràn. Mo rí ibi tí ètò ti pa Táyé àti Kẹ́hìndé pọ̀ di ẹnì kan, Kẹ́hìndé kò sì rí èsì rẹ̀ gbà fún odidi sẹ̀mẹ́sítà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi iṣẹ́ kékeré tí gbogbo ènìyàn máa rí bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fi pọ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀. Eduroam, Wi-Fi àjọṣe àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ni mo máa ń dábàá. Ní nǹkan bí 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù, bí àáró gan-an ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ láti Ìdí-Àràbà dé Akọkà, ó ṣí fóònù, Wi-Fi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ eduroam wà níbẹ̀. Ó fi orúkọ rẹ̀ àti ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọlé. Ibi tó dé kò mọ password rẹ̀, kò sì nílò rẹ̀, wọ́n á bi ilé rẹ̀ pé "ṣé ọmọ yín ni?" Ilé á dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn á ṣí. Sáfà RADIUS ló ń gbé ìbéèrè àti ìdáhùn náà lọ bọ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú àwọn ènìyàn tirẹ̀, gbogbo ilé sì gba àlejò ara wọn.

Ẹ ò dá wà lórí èyí, àwọn àjọ tó ń so íntánẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ ti wà. NgREN wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Eko-Konnect wà níbí ní Èkó tó ń so ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ́ra, WACREN sì wà fún Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ẹ kàn sí wọn kí ẹ tó náwó. Tí eduroam bá ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka méjì, àwọn olùkọ́ fúnra wọn á máa bèèrè ohun tó kàn. Láíbúrárì ló dára kó tẹ̀lé e: Koha, ètò kọ̀ǹpútà fún láíbúrárì, kò ní owó àṣẹ ìlò, ó sì lè gbé ẹ̀ka púpọ̀ lórí àkójọ kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó ọdún kejì

Owó ọdún kìíní kì í ṣòro rí. Ọdún kejì ni kí ẹ máa bèèrè. Nínú àdéhùn àáró yín, ẹ kọ ìpín ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń pín in dọ́gba, àwọn kan ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye akẹ́kọ̀ọ́. Mo fara mọ́ kí a da méjèèjì pọ̀: ìdajì dọ́gba, ìdajì lórí iye akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ̀ka kékeré má baà ru ẹrù tó ju orí rẹ̀ lọ, kí ẹ̀ka ńlá má sì rò pé òun ló ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí a ń fi dọ́là san. Kí oṣù kẹfà 2023 tó pé ìdajì, dọ́là kan kò tó náírà 500 lọ́jà ìjọba; nígbà tí oṣù kejì 2024 ń parí lọ, ó ti kọjá 1,400. Ẹ fojú inú wo ilé ẹ̀kọ́ tó buwọ́ lu àṣẹ ìlò ọdún mẹ́ta ní dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Iná náà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún wákàtí kílówáàtì kan. Sáfà kì í sùn. Ẹ ka iye iná tó ń jẹ, ẹ ka ẹ̀rọ amúlétutù yàrá rẹ̀, ẹ ka epo dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé owó kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú.

Nípa rírà: Òfin Ìrajà Ìjọba ti 2007 kò gbà kí a gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́ kó má baà dé iye tó nílò ìfọwọ́sí òkè. Kámpọ́ọ̀sì mẹ́rin tó lọ ra ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà lè jọ bẹ́ẹ̀ lójú ayẹ̀wé-owó-wò. Yunifásítì tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin ìrajà ti ìpínlẹ̀ láti tẹ̀lé. Ẹ pe ẹ̀ka ìrajà wọlé láti ìpàdé kejì, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ti yan ẹni tí ẹ fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe

Gbólóhùn mẹ́rin ni mi ò ní jẹ́ kó sọnù nínú rẹ̀. Dátà jẹ́ ti yunifásítì, a sì lè kó gbogbo rẹ̀ jáde nígbàkígbà ní irú fáìlì tí ètò mìíràn lè kà. Password àgbà wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ yunifásítì méjì láti ọjọ́ kìíní. Kóòdù tí a sanwó kí wọ́n kọ fún wa, a ní ẹ̀dà rẹ̀. Ìdá kan nínú owó kò ní jáde títí ètò náà á fi la ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ kan já. Mo kọ́ ti password yẹn lọ́nà líle: agbaṣẹ́ṣe kan bá wa jà lórí owó, ó sì ti ìlẹ̀kùn ètò mọ́ wa ní ọjọ́ mẹ́wàá sí ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ keje: ìpàdé

Ẹ máa yí i ká. Oṣù yìí ní Yaba, oṣù tó ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Tí olú kámpọ́ọ̀sì bá ń pe gbogbo ènìyàn wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àwọn yòókù á mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni kí ó jẹ́, kí ẹni tó ń gba Third Mainland Bridge bọ̀ má baà wọlé pẹ̀lú ìbínú. Àkọsílẹ̀ ìpàdé kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: ohun tí a fẹnu kò sí, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa parí. WhatsApp dára fún "iná ti lọ níbí", kò dára fún ìpinnu.

Ẹ fi kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ síwájú yín nígbà tí ẹ bá ń yan ọjọ́, kí ẹ sì fi ààyè ìyanṣẹ́lódì sílẹ̀. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni ASUU fi wà nílé. Nígbà tí iṣẹ́ padà, ohun oṣù mẹ́jọ ló ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tuntun kò gbọdọ̀ bá irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ibi tí sáfà máa gbé

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mélòó kan já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó kò sì lè dé ohunkóhun tó wà lókè òkun. Ohun tó bá wà nílé kò nílò okùn yẹn: IXPN wà ní Èkó níbí, níbi tí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ dátà láì jáde kúrò ní Nàìjíríà. Nítorí náà ìforúkọsílẹ̀, èsì, àti ẹ̀rí ìwọlé gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ láti inú ilé. Ẹ lè fi ímeèlì sí òkè òkun.

Ẹ má gbé sáfà sí ìsàlẹ̀ ilé. Ẹ mọ òjò oṣù keje. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní kámpọ́ọ̀sì mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan ní sẹ̀mẹ́sítà, ẹ mú ẹ̀dà náà, ẹ fi gbé ètò náà dìde lórí kọ̀ǹpútà òfìfo. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi gbé nǹkan dìde rí, ẹ má fọkàn tán an.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: òfin àṣírí

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà jáde ní 2023. Tí dátà bá jò síta lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń rí sí òfin náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀. Nínú yunifásítì ẹlẹ́ka púpọ̀, ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́ lè ti mọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kí alákòóso má gbọ́ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù kan sára ògiri gbogbo yàrá sáfà, ẹ sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹni tó bá tètè sọ kò ní jìyà. Ìwé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ní kílíníìkì kò gbọdọ̀ wọ inú àkójọ àjọṣe rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ọjọ́ tí ẹ máa yí padà

Fákọ́tì kan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọlé, kí àtijọ́ àti tuntun jọ rìn fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Àwọn akọ̀wé ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́, torí ọ̀dọ̀ wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ á sáré lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì yín jókòó ní kámpọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Tí ẹ̀ka kan bá fẹ́ jáde

Ó máa ṣẹlẹ̀. Olórí tuntun á dé, á ní àwọn fẹ́ dá tàwọn ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ọ̀nà àbájáde ti wà nínú àdéhùn: wọ́n á sọ ọ́ lóṣù mẹ́fà ṣáájú, wọ́n á san ìpín ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀, wọ́n á gba gbogbo dátà tó jẹ́ tiwọn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nọ́ńbà inú ilé àwọn ènìyàn wọn á sì wà bẹ́ẹ̀ láì yí padà. Ẹ má ti ìlẹ̀kùn eduroam mọ́ wọn. Ẹ̀ka kan jáde lọ́dọ̀ wa ní ọdún kan, ó gbé dátà rẹ̀ lọ pẹ̀lú àlàáfíà. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ni akọ̀wé wọn tẹ̀ mí láago pé ṣé ààyè àwọn ṣì wà, torí nọ́ńbà ṣì bára mu. Ìrọ̀lẹ́ kan la fi gbé wọn padà wọlé.